Ìbọn Onígi Ọ̀gbẹ́ni Harris

Gbogbo ẹni tí ó wá kí mi káàbọ̀ ní Òkè-Àdó ni ó ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni àna mi fi ìbọn lé mi jáde nílé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. N kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fura sí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Kí wọ́n má bàa máa fi ata àti iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, mo jókòó láti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ìbọn wà níbẹ̀. Mo gbé e lọ́wọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lé mi.

Ohun tí mo bá lọ

Àbíkẹ́yìn mi, Mojísọ́lá, ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland, ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Prince George's. Ó pè wá lórí fóònù ní ọjọ́ kan pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún ayọ̀. Èmi béèrè orúkọ, ó ní Calvin. Mo béèrè ìlú rẹ̀, ó ní Capitol Heights. Mo béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ó ń wa ọkọ̀ ojú irin. Mojí ní dìgírì méjì. Mo gbé fóònù fún ìyá rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọmọ fún ọkọ rí mọ ohun tí ó kàn. Ìwádìí ni. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wèrè wà nínú ẹbí náà, tàbí olè, tàbí àrùn tí wọ́n ń gbé pamọ́. Tí ó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọ̀sán kan péré ni ìyàwó mi yóò fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè bá mi lọ, nítorí náà ó kì mí nílọ̀ pé kí n ṣọ́ ọ̀rọ̀ ọtí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọtí ni ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ilé ọ̀mùtí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo yà sí agbo ilé wa láti dágbére fún Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí ó dàgbà jù lọ nínú gbogbo wa tí ó kù láyé. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń kì mí: ọmọ jagunjagun, ọmọ a-kẹ́rú-lọ-kó'bọn-bọ̀. Mo dá a dúró níbẹ̀.

“Ìyá, kẹ́rù ni, kì í ṣe kẹ́rú. Ẹrù ni wọ́n kó lọ.”

“Ìwọ ni o lọ sí ilé ìwé,” ni ó wí, ó sì ń bá àdúrà rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí n tó di ọ̀gá ilé ìwé, n kì í sì í fi ọ̀rọ̀ àmì ohùn ṣeré. Èmi náà ni mo kọ ìwé pélébé ìtàn ìdílé wa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé epo pupa àti èkùrọ́ ni àwọn baba ńlá wa kó lọ sí etí òkun, tí wọ́n fi gba ìbọn bọ̀. Àwọn ìbọn ọ̀hún ṣì wà lókè àjà ní agbo ilé. Wọ́n ti dípẹtà, a kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọdé fọwọ́ kàn wọ́n. Mo kó ẹ̀dà ìwé náà mẹ́rin sínú àpótí mi, kí àwọn ará Capitol Heights lè mọ irú ilé tí wọ́n fẹ́ bá tan.

Ọ̀rọ̀ kan ní bodè

Ọdún díẹ̀ ni ó ti kọjá tí wọ́n fi bàálù wó ilé gogoro méjì ní ilẹ̀ wọn, ojú ìfura ni wọ́n sì fi ń wo gbogbo àlejò. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ bẹ́líìtì, mo fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó gba ìwé ìrìnnà mi béèrè ohun tí mo bá wá. Mo fẹ́ sọ òótọ́, mo sì fi òyìnbó sọ ọ́ gan-an bí ó ti wà nínú mi: “Investigation.”

Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi jókòó nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n tú àpótí mi. Wọ́n tú irú tí mo dì sínú ọ̀rá mẹ́ta, ọkùnrin kan sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Wọ́n ṣí ìwé ìtàn ìdílé wa, wọ́n béèrè àwòrán ìbọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ní ìbọn baba ńlá mi ni. Wọ́n tún lọ pe ẹlòmíràn wá. Nígbà tí wọ́n fi mí sílẹ̀, inú ń bí mi pé wọ́n lè wo àgbàlagbà bí èmi kí wọ́n máa wá ìdí rẹ̀. N kò rántí pé iṣẹ́ kan náà ni èmi fúnra mi bá wá.

Glenarden

Ní Glenarden tí Mojí ń gbé, ilé wà, igi wà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ńlá wà, ṣùgbọ́n n kò rí ènìyàn lójú pópó. Mo dúró síwájú ilé láti àárọ̀ kí n lè kí ẹni tí ó bá ń kọjá. Ẹni mẹ́ta péré ni ó kọjá, ajá ni ó sì ń fà wọ́n. Ọ̀kan ju ọwọ́ sí mi, àwọn méjì kò wo ibi tí mo wà. Mo ní sí ara mi pé ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í kí ara wọn, ó ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.

Mojí a máa ti ọsibítù dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, a dúró jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, a sì sùn bí òkúta. Ó mọ̀ mí. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, ó jókòó tì mí.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má lọ máa investigate anybody. Níbí, everybody minds their business. Tí ẹ bá ní question, ẹ ask Calvin, he will answer you.”

Calvin dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ga dé òkè ilẹ̀kùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì kí n tó lè sọ̀rọ̀. Inú Mojí dùn. Èmi ń rò ó pé kí ni ọkùnrin yìí ń wá tí ó fi kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ jẹ ẹ̀bà, kò ta ọbẹ̀ sára, ìyẹn náà sì kọ mí lóminú. Nígbà tí mo béèrè nípa bàbá rẹ̀, ó ní sójà ni ní ayé ogun Kòríà. Mo béèrè iṣẹ́ tí ó ṣe níbẹ̀ gan-an. Ó ní bàbá òun kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun náà. Nígbà tí ó lọ tán, mo kọ ìyẹn sínú ìwé kékeré mi, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Oúnjẹ ọjọ́ Àìkú

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni Ọ̀gbẹ́ni Harris, bàbá Calvin, pè wá wá jẹun. Ilé bíríkì kékeré ni ní Capitol Heights, a ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ni ó ń gbé ibẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó rí gbọọrọ, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rín. Mo kí i, kò dáhùn. Mo tún kí i, ó kọjú sí Mojí. Mo bi ara mi pé ṣé ẹni tí kò lè dá ìkíni padà ni n óò máa pè ní àna.

Oúnjẹ rẹ̀ kò ní àléébù, kí n má purọ́. Ó se ẹ̀fọ́ kan tí ewé rẹ̀ nípọn pẹ̀lú ẹran tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan, ó sì ṣe búrẹ́dì àgbàdo tí ó fẹ́ jọ kéèkì. Tíì tútù ni wọ́n fi ń sin oúnjẹ náà lọ́fun, ṣúgà rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eyín mi ń ro mí. Nígbà tí bàbá náà dìde, mo gbé ife rẹ̀ sí imú kí n lè mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Tíì ni.

Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Ní ọ̀nà ibẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣí díẹ̀, àtẹ̀gùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Mo yọjú. Lórí tábìlì kan nísàlẹ̀, aṣọ kan bo nǹkan gígùn, ẹnu ìbọn sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, ó dúdú. Ẹ rántí pé ní àgbègbè yẹn, kò tíì ju ọdún méjì lọ tí ẹnìkan fara pamọ́ tí ó ń yìnbọn fún àwọn tí ń ra epo ọkọ̀ àti àwọn tí ń lọ sí ìsọ̀. Mojí ti sọ fún wa nígbà náà bí ó ṣe ń sáré láti inú ọkọ̀ wọ ọsibítù. Mo rọra padà sẹ́yìn.

Àwòrán kan wà lórí pẹpẹ nítòsí ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú aṣọ sójà. Mo mọ̀ pé Harris ni. Mo yí ẹ̀yìn àwòrán náà wò, mo sì rí ohun tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ síbẹ̀: BAR MAN, KOREA.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń pè ní bar man nílé wa, ẹni tí ń gbé bíà fún àwọn ọ̀mùtí ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jagun, ọtí ni bàbá yìí ń tà, òun ni ọmọ rẹ̀ sì wá ń pè ní sójà fún wa. Mo yọ àwòrán náà sínú àpò agbádá mi.

Mo wọ àdúgbò

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Mojí wà níbi iṣẹ́, mo wọ agbádá mi, mo mú ìwé kékeré mi, mo sì padà sí Capitol Heights. Mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn onígbàjámọ̀. Mo kí gbogbo wọn, mo béèrè bóyá wọ́n mọ Ọ̀gbẹ́ni Harris, àti bóyá ó máa ń mutí. Wọ́n pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gẹrun. Ẹnìkan ní àwọn kò mọ ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ń rí ilé Harris láti ojú fèrèsé wọn.

Mo rí obìnrin kan tí ó ń bu omi sí òdòdó. Ó béèrè bóyá ìjọba ni ó rán mi. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Ó ní ṣé Harris fẹ́ gbéyàwó ni? Mo ní kì í ṣe òun, mo sì béèrè bóyá wèrè wà nínú ẹbí wọn. Ó gbé rọ́bà omi sílẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kí n tó dé Glenarden, wọ́n ti pe Harris, Harris ti pe Calvin, Calvin sì ti pe Mojí. Ó dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Daddy, ẹ ti disgrace mi. Wọ́n rò pé police ni yín. Mo sọ fún yín kí ẹ má ṣe é. I'm going to marry Calvin. Tí ẹ bá fẹ́ wà níbẹ̀, mo dúpẹ́. Tí ẹ ò bá fẹ́, èmi ò ní wá sílé mọ́.”

Ọmọ yìí kì í halẹ̀ lásán. Láti kékeré, ohun tí ó bá sọ ni ó máa ń ṣe. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, nítorí mo rí i pé tí mo bá ba èyí jẹ́, n óò padà lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé a ti pàdánù àbíkẹ́yìn wa. Síbẹ̀ mo ti rí ìbọn, mo sì ti rí àkọlé náà. Mo wà nínú ìrònú yẹn nígbà tí fóònù dún. Harris ni. Ó ní kí n wá ní ọ̀la, kí n dá wá, kí n sì kó gbogbo ìbéèrè mi wá bá òun fúnra òun.

Nísàlẹ̀ ilé

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn gan-an ni ó mú mi lọ. Ó ní kí n jókòó sí apá ọ̀tún òun, nítorí etí òsì òun kò gbọ́ nǹkan kan láti ayé Kòríà. Apá òsì ni mo dúró sí ní ọjọ́ Àìkú tí mo ń kí i. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà. Mo yọ àwòrán náà, mo ní kí ó ṣàlàyé ilé ọtí tí ó ti ṣiṣẹ́. Ó wo àkọlé náà, ó wo ojú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

“Lẹ́tà mẹ́ta ni,” ni ó wí nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀. “B, A, R. Orúkọ ìbọn ni. Ìkíní dúró fún orúkọ ẹni tí ó rọ ọ́. Méjì yòókù ń sọ pé ìbọn tí ń yìn tẹ̀léra fúnra rẹ̀ ni. Èmi ni mo ń gbé e.”

Ká ní ó fi àmì ìdánudúró sí àárín àwọn lẹ́tà náà ni, n kì bá tí ṣì í kà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ó ní níbi tí òun ti kọ ọ́, òun kò ráyè àmì.

Ó wá ká aṣọ kúrò lórí tábìlì. Igi ni ìbọn náà. Ó fi ọbẹ gbẹ́ ẹ, ó kùn ún ní dúdú, ó sì yọ́ òjé sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo bí ti tòótọ́, nítorí ó fẹ́ kí Calvin mọ ohun tí òun gbé. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Apá mi sọ̀ kalẹ̀ lójijì, nítorí ó wúwo tó ọmọ ọdún kan. Mo gbé e lé itan.

Ó sọ ìtàn ìbọn náà fún mi bí ẹni ń sọ ìtàn ẹbí. Òpin ogun àgbáyé kìíní ni wọ́n ṣe é. Inú kòtò ni àwọn sójà ń gbé nínú ogun yẹn, ẹni tí ó bá sì yọrí, kú ni. Àwọn ọ̀gágun ń wá ìbọn tí ẹnìkan ṣoṣo lè gbé sí ìbàdí, kí ó máa rìn, kí ó máa yìn ín, títí yóò fi dé kòtò àwọn ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n gbé e pamọ́ ná, ó ń fura pé àwọn ará Jámánì yóò gba ọ̀kan, wọn yóò sì ṣe irú rẹ̀. Ogun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wọ́n tó lò ó. Nígbà tí ogun kejì máa fi dé, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ méjì sí i níwájú, àwọn sójà sì ń tú ẹsẹ̀ náà sọnù nítorí ìwúwo rẹ̀. Ogún ọta péré ni ó ń gbà, wọn a sì tán kí ènìyàn tó mí. Nígbà tí ó fi dé ọwọ́ Harris ní Kòríà, ìbọn náà dàgbà jù ú lọ.

Ó ní òtútù ibẹ̀ ń mú òróró inú ìbọn dì. Ìró rẹ̀ yàtọ̀, tí àwọn ọ̀tá bá sì ti gbọ́ ọ, ẹni tí ó gbé e ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá láti pa. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òyìnbó tí ó jẹ́ ọ̀gá wọn ń sọ pé aláwọ̀ dúdú yóò ju ìbọn sílẹ̀, yóò sá.

“Àwọn tí ó wà níwájú ń wá mi, àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń fura sí mi,” ni ó wí. “Mo gbé e lọ, mo gbé e bọ̀. N kò jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.”

Mo dá àwòrán rẹ̀ padà, mo sì tọrọ àforíjì fún ohun tí mo ṣe ní àdúgbò rẹ̀. Ó ní ó ti tán.

Ìbéèrè tirẹ̀

Ó wá ní òun náà ní ìbéèrè. Mojí ti ṣàlàyé fún òun pé bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ilé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ó ní kí n sọ nípa ilé tiwa. Inú mi dùn, ohun tí mo ti ń retí nìyí. Mo fún un ní ìwé pélébé wa, mo sọ ti àwọn jagunjagun fún un, mo fi àwòrán ìbọn òkè àjà hàn án. Ó wò wọ́n pẹ́, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí òkúta tí ń tanná sí wọn máa ń wà. Ó mọ ìbọn.

“Òyìnbó ni ó ṣe ìwọ̀nyí,” ni ó wí. “Kí ni àwọn ènìyàn yín kó lọ fún wọn?”

Mo la ẹnu láti sọ pé epo ni. Ohùn Ìyá Àgbà ni mo gbọ́. Èdè òyìnbó ni à ń sọ, kò sì sí àmì ohùn kankan nínú rẹ̀ tí mo lè sá sábẹ́ rẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún yín, mo mọ̀ láti kékeré. Gbogbo àwa tí a dàgbà ní agbo ilé yẹn mọ̀. Èmi ni mo fi chálkì àti báírò bò ó mọ́lẹ̀. Tí mo bá sọ epo, ìgbéyàwó yóò lọ nírọ̀rùn. Tí mo bá sọ òótọ́, bàbá yìí lè ní kí ọmọ òun má fẹ́ ọmọ mi, n kò sì ní rí ọ̀rọ̀ bá a sọ. Mo wo ojú rẹ̀. Ó yí etí ọ̀tún rẹ̀ sí mi kí ó lè gbọ́ dáadáa.

“Ènìyàn,” ni mo wí. “Ènìyàn ni wọ́n kó lọ.”

Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Ìbọn onígi náà ṣì wà lórí itan mi, ó ti ń dùn mí, n kò sì lè gbé e sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó béèrè bóyá Mojí mọ̀. Mo ní rárá, mo ní èmi ni mo kọ ọ́ ní epo.

“Ẹ sọ fún un,” ni ó wí. “Ẹ sọ fún àwọn méjèèjì níwájú mi. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, tí wọ́n ṣì fẹ́ ara wọn, èmi kò ní ohun tí n óò sọ.” Ìgbà náà ni ó tó gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi.

Mo sọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, lórí tábìlì oúnjẹ kan náà. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi ju gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ ọmọ láyé lọ. Mojí sunkún. Calvin ní òun ti mọ̀ láti kékeré pé ẹnìkan ni ó tà wọ́n, ohun tí òun kò retí ni pé ẹnìkan yóò sọ ọ́ fún òun lójú. Ó na ọwọ́ sí Mojí. Mojí dì í mú. Lóṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Mojí, mo sì dúró sí apá ọ̀tún Harris kí ó lè gbọ́ mi tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Agbo ilé

Nígbà tí mo dé, agbo ilé ni mo kọ́kọ́ lọ, kí n tó lọ sí Òkè-Àdó. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó béèrè bóyá wọ́n gba ọmọ wa. Mo ní wọ́n gbà á.

“Wọ́n ṣeun,” ni ó wí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, ó sì dé ibẹ̀, ó pè é bí ó ti máa ń pè é. N kò dá a dúró.

Ní ọjọ́ kejì, mo kó ìwé pélébé ìtàn ìdílé wa jáde láti inú àpótí. Mo fi báírò pupa fa ìlà gba inú epo àti èkùrọ́ kọjá. Lẹ́yìn náà mo ṣí ojú ewé oríkì, mo pa àmì ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí u inú kẹ́rù rẹ́, mo sì fi àmì òkè sí i. Ẹ̀dà mọ́kàndínlógójì ni ó kù nílé, mo sì ṣe gbogbo wọn.